Ọ̀rọ̀ Fláàṣì Inú Kámẹ́rà: Ibi Tẹ́ ẹ Dúró sí Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ síbí pé fláàṣì tí wọ́n kàn mọ́ kámẹ́rà yìí, ìbàjẹ́ fọ́tò lásán ni, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní kámẹ́rà dígítà pa á, kó má tàn án mọ́ láé nínú ilé. Mo kà á tán, mo ní háà, ọ̀rọ̀ ń bẹ o. Ohun tó ń rí tó fi ń bínú, èmi náà ń rí i: ojú èèyàn á funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣú dùdù, òjìji gbàgàdà á wà lára ògiri, ẹyinjú á pọ́n kuku. Gbogbo ẹ̀ ló jóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé fláàṣì ló jẹ̀bi. Nínú yàrá tí iná ò tó, tẹ́ ẹ bá pa fláàṣì, kámẹ́rà á ṣí ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sílẹ̀ pẹ́, ọwọ́ yín á gbọ̀n díẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ń yà á yí orí, fọ́tò á wá rí ṣìbáṣìbo, ẹ ò ní mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Èwo ló wá sàn níbẹ̀? Ohun tó ń bá àwọn èèyàn jà ni pé wọn ò mọ ibi tí agbára fláàṣì yẹn mọ, wọn ò sì wo ibi tí wọ́n dúró sí kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì.

Fláàṣì yẹn kéré. Kéré gan-an ni, ẹ má jẹ́ kó fi bó ṣe ń kọ mànà tàn yín jẹ. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára fláàṣì, guide number ni wọ́n ń pè é, tàwọn DSLR, ìyẹn àwọn kámẹ́rà ńlá tí lẹ́ńsì wọn ń yọ, tí fláàṣì wọn máa ń fò sókè lórí yẹn sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 12 tá a bá fi mítà wọ̀n ọ́n ní ISO 100 (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), tàwọn kámẹ́rà pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú 12 yẹn, ẹ fi nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì pín in, ká sọ pé f/4, ẹ ó rí 3. Ìyẹn ni pé mítà 3 ni iná yẹn lè rìn dé kó ṣì tó nǹkan. Tó bá jẹ́ f/5.6, nǹkan bíi mítà 2 péré ló kù. Ẹ wá wo ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn ńlá, tó na kámẹ́rà sókè tó ń fi fláàṣì ya ẹni tó wà lórí pèpéle lọ́hùn-ún. Kí ni fláàṣì yẹn fẹ́ ṣe? Ẹ̀yìn orí àwọn tó jókòó síwájú ẹ̀ nìkan ló máa tàn sí, ìpàkọ́ wọn á mọ́lẹ̀ rekete, orí pèpéle á ṣókùnkùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó pa fláàṣì lóòótọ́, kó gbé ISO sókè, kó fi ọwọ́ ti nǹkan, kó lo iná tí wọ́n tàn sórí pèpéle yẹn. Ibẹ̀ ni èmi àti ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ti jọ fẹnu kò o.

Ẹ lọ wá ìwé kékeré tó bá kámẹ́rà yín wá nínú páálí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí wọ́n kọ flash range sí, ìyẹn ibi tí fláàṣì lè tàn dé. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà tí lẹ́ńsì ẹ̀ kì í yọ, nọ́ńbà méjì lẹ máa sábà rí, ọ̀kan ní W níwájú, èkejì ní T. W ni ìgbà tẹ́ ẹ ò tíì fa súùmù rárá, T ni ìgbà tẹ́ ẹ ti fà á dé òpin. Ẹ ó rí i pé ti T kéré ju ti W lọ, nítorí lẹ́ńsì ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ ẹ ṣe ń fa súùmù bẹ́ẹ̀ ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń há sí i. Nítorí náà ẹni tó dúró sọ́nà jíjìn tó tún wá ń fa súùmù ti jìyà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà jìn, ihò tún há, fláàṣì ò rí ibi gbà. Ẹ jẹ́ kí súùmù sinmi jàre, ẹ fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn. Ẹ má wá lọ fi kámẹ́rà gún èèyàn nímú o! Tó bá ti sún mọ́ ju mítà 1 lọ, fláàṣì lè fẹ́ jó ojú ẹni yẹn, kó funfun jù nínú fọ́tò, imú ẹ̀ á sì tún tóbi ju bó ṣe rí lọ. Tó bá jẹ́ ẹnìkan tàbí ẹni méjì lẹ fẹ́ yà, láàárín mítà 1 àtààbọ̀ sí mítà 2 àtààbọ̀, ibẹ̀ dáa fún fláàṣì kékeré.

Èyí tó wá ń ṣe àwọn èèyàn ní kàyéfì jù ni òkùnkùn ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n á ní yàrá yìí mọ́lẹ̀ nígbà tá à ń yà á, báwo ló ṣe wá rí báyìí nínú fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ fláàṣì kì í rọra dín kù bó ṣe ń lọ, ṣe ló ń já wálẹ̀ wìì. Iye tó dé ara nǹkan tó wà ní mítà 1, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ ló máa dé mítà 2, tó bá fi máa dé mítà 4 ó ti di ìdá kan nínú 16. Kámẹ́rà á ti wọn iná tó máa tó ojú ẹni tó wà níwájú, ògiri tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ò rí nǹkan kan gbà, ló fi ṣú.

Ẹ wá fi ìṣirò yìí wo fọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ibẹ̀ ló ti ń dun èmi jù. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí: àwọn kan jókòó síwájú, àwọn kan dúró sẹ́yìn, ayàwòrán sì dúró gbágbáágbá sídìí àwọn ti iwájú. Tí àwọn ti iwájú bá wà ní mítà 1 tí àwọn tẹ̀yìn wà ní mítà 2, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ti iwájú jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tẹ̀yìn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe, àwọn kan á jóná, àwọn kan á dúdú kọjá bí wọ́n ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí ayàwòrán kan náà sún sẹ́yìn títí tí àwọn ti iwájú á fi wà ní mítà 3 tí àwọn tẹ̀yìn á wà ní mítà 4, àwọn ò kúrò níbi tí wọ́n wà o, òun nìkan ló sún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò ní tó ìlọ́po méjì mọ́. Ẹ rí i, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ló tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ohun tó máa ń ba àwọn ayàwòrán lẹ́rù ni pé fláàṣì ò ní dé mítà 4, òótọ́ ni, ní ISO 100 kò ní dé. Kẹ́ ẹ gbé ISO lọ sí 400, fláàṣì tó ń rin mítà 3 á máa rin 6, torí pé bẹ́ ẹ bá sọ ISO di ìlọ́po mẹ́rin, ọ̀nà tí iná lè rìn á di ìlọ́po méjì. Ẹ tún lè ní kí àwọn tó wà níwájú sún sẹ́yìn kí àlàfo má pọ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì, kí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan. Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà ò ní fẹ́ dìde lórí àga lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tètè to àga kí wọ́n tó jókòó.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun kan sí i nípa ISO yìí. Yàtọ̀ sí pé ó ń fa ọ̀nà fláàṣì gùn, ó tún ń jẹ́ kí kámẹ́rà rí iná ilé fúnra ẹ̀. Gílóòbù tó wà lórí àjà, iná tábìlì, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn ẹni tẹ́ ẹ ń yà. Ẹ̀rù ISO gíga ń ba àwọn kan nítorí àwọn kóró kóró tó máa ń hàn nínú fọ́tò, àmọ́ ní 400 tàbí 800 lórí kámẹ́rà tí ò tíì gbó jù, tèmi ni pé kóró kóró díẹ̀ sàn ju ẹ̀yìn tó ṣú lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ilé hàn dáadáa, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ slow sync sí nínú ménù, lórí kámẹ́rà míì àwòrán èèyàn pẹ̀lú òṣùpá tàbí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa yà sórí bọ́tìnnì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé tí kámẹ́rà bá wà lórí ọ́tò, ó sábà máa ń mú ṣọ́tà bíi 1/60 ìṣẹ́jú àáyá tó bá ti tan fláàṣì, iná ilé ò ní ráyè wọlé láàárín ìgbà yẹn. Slow sync á jẹ́ kó ṣí i pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ká ní 1/15, fláàṣì á tan sójú ẹni yẹn, ṣọ́tà á ṣì wà ní ṣíṣí tí iná ilé á fi wọlé. Fláàṣì fúnra ẹ̀ kì í lò ju bí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ, òun ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn dúró ṣánṣán kó má ṣe bàìbàì bí ọwọ́ bá tiẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tẹ́ ẹ ń yà pé kó má tíì mira tí fláàṣì bá tàn, torí gbogbo èèyàn ló gbà pé tó bá ti kọ mànà, ó ti parí nìyẹn, wọ́n á ti dìde, wọ́n á wá fi òjìji ara wọn sílẹ̀ nínú fọ́tò. Ẹ fi ìgúnpá ti tábìlì tàbí ara ògiri kí ọwọ́ lè dúró. Àti pé kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo eléyìí, ṣé gbogbo iná yàrá yẹn wà ní títàn? Ẹ tan gbogbo ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ya fọ́tò nínú yàrá tó jẹ́ gílóòbù kan ló ń tàn níbẹ̀, tí mẹ́ta míì wà níbẹ̀ tẹ́nì kankan ò tẹ̀.

Ó kàn bọ́tìnnì kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ tó sì jẹ́ pé àwọn tó ní kámẹ́rà fún ọdún gbọọrọ ò tẹ̀ ẹ́ rí. Àwòrán mànàmáná ni wọ́n yà síbẹ̀ pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti ìyọkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní flash exposure compensation. Nọ́ńbà tó bá wà lọ́wọ́ ìyọkúrò ń dín iná fláàṣì kù, −1 túmọ̀ sí ìdajì. Nínú ilé, fún èèyàn tó wà nítòsí, ẹ gbé e sí −2/3 tàbí −1, kẹ́ ẹ wá wò ó lójú síkìrìnì. Ojú èèyàn ò ní dán yanran mọ́, awọ á hàn bó ṣe rí, àwọn iná ilé á sì bá fláàṣì dọ́gba. Kámẹ́rà tó wà lórí ọ́tò máa ń tan fláàṣì kékeré kan ná kó tó tan gidi, èyí tó ń fi wọn ìmọ́lẹ̀ ni, ó yá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò fi ní mọ̀ pé méjì ni. Ohun tó bá rí padà nínú èyí àkọ́kọ́ yẹn ló fi ń ṣèpinnu. Tó bá jẹ́ pé òkùnkùn ló kún ẹ̀yìn ẹni yẹn, ó lè rò pé ibi gbogbo ṣú, á wá tan fláàṣì ju bó ṣe yẹ lọ, á sì jó ojú onítọ̀hún. Tó bá sì jẹ́ pé aṣọ funfun ni èèyàn dúdú wọ̀, tó tún dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rò pé iná ti pọ̀ jù, á fà á sẹ́yìn, ojú ẹni náà á wá dúdú kọjá ààlà. Níbẹ̀ ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ kúrò, ṣe lẹ máa fi kún un, +2/3, +1. Kámẹ́rà ò mọ ẹni tẹ́ ẹ ń yà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé tẹ́ ẹ máa ń kó fọ́tò òǹkàwé sí, ẹ bá wa fi sí i pé kí wọ́n má fi fọ́tò tí fláàṣì ti jó ojú ránṣẹ́. Fọ́tò tó ṣú díẹ̀, kọ̀ǹpútà ṣì lè gbé e sókè, ojú ẹni náà á tún hàn. Èyí tó ti funfun pátápátá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tẹ́nì kan fẹ́ dá padà, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, bébà lásán la máa rí níbi tó yẹ kí iwájú orí wà. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé tọ́kàn wọn bá ń ṣe méjì, kí wọ́n jẹ́ kó ṣú díẹ̀.

Òógùn àti òróró ojú náà wà níbẹ̀. Fláàṣì tó wà lókè lẹ́ńsì gangan ń tàn tààrà, ó sì ń padà tààrà, gbogbo ibi tó bá ń dán níwájú orí àti orí imú ló máa di funfun. Ẹ fún wọn ní tíṣù kí wọ́n nujú. Kò gba àkókò, ó sì sàn ju àtúnṣe orí kọ̀ǹpútà lọ.

Òjìji ara ògiri ńkọ́? Ẹ kàn gbé èèyàn kúrò lára ògiri ni. Tó bá wà ní bíi mítà 1 àtààbọ̀ sí ògiri, òjìji á bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, á sì rẹ̀ débi pé ojú ò ní rí i. Èyí tó máa ń burú jù ni ìgbà tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà dúró lóòró, nígbà yẹn fláàṣì ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, òjìji á wá yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì orí, tó fẹ̀ tó sì dúdú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e lóòró, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹni náà kọjú sí, kí fláàṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, òjìji á fara pamọ́ sẹ́yìn orí ẹ̀. Àwọn tó ń lo DSLR, ẹ yọ rọ́bà ṣóńṣó tẹ́ ẹ kì bọ lẹ́ńsì lórí yẹn, hood, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan fláàṣì inú kámẹ́rà, àti pé lẹ́ńsì gígùn náà lè dí i lójú. Òkùnkùn roboto tẹ́ ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ fọ́tò láàárín, lẹ́ńsì yín ló ṣíji bò ó, kámẹ́rà ò bàjẹ́.

Ẹyinjú pupa wá ńkọ́. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú èèyàn máa ń là gbàgà, fláàṣì sì wà nítòsí lẹ́ńsì, iná á gba inú ẹ̀ wọlé, á bá awọ ẹ̀yìn ojú tó kún fún ẹ̀jẹ̀, á sì padà tààrà sínú lẹ́ńsì. Pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni. Bọ́tìnnì tó ní àwòrán ojú wà fún un, á kọ́kọ́ tan iná díẹ̀ kí ọmọlójú há, àmọ́ ó ń fi àkókò ṣòfò, àwọn èèyàn á ti sẹ́jú tàbí kí ẹ̀rín ti lọ lójú wọn kó tó yà á. Ohun tó yá jù ni pé kẹ́ ẹ tan iná yàrá kí ọmọlójú há fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n wo èjìká yín dípò kí wọ́n wo inú lẹ́ńsì gangan.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan níbí tí kì í ṣe tàwàdà. Tó bá jẹ́ fọ́tò ọmọdé, tẹ́ ẹ sì rí i pé ojú kan pupa, ìkejì ń tàn funfun tàbí ìyeyè nínú ọmọlójú, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kíákíá. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan, torí bí ọmọ bá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan iná lè padà báyẹn. Àmọ́ funfun yẹn lè jẹ́ àmì àìsàn inú ojú, títí kan jẹjẹrẹ ojú ọmọdé tí wọ́n ń pè ní retinoblastoma, ó sì ní àwọn òbí tó jẹ́ pé inú fọ́tò fláàṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Tí wọ́n bá tètè mọ̀, ìwòsàn wà. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà kun funfun yẹn dúdú kẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀ o.

Àwọn rogodo funfun tó máa ń fò káàkiri nínú fọ́tò táwọn èèyàn ń sọ pé iwin ni, tàbí áńgẹ́lì, ẹ dákun, eruku ni. Eruku tàbí ìrì tó wà níwájú lẹ́ńsì pẹ́kípẹ́kí, fláàṣì tàn sí i, lẹ́ńsì ò lè rí ohun tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ kedere, ó wá fẹ̀ di rogodo. Kámẹ́rà kékeré ló ń rí i jù torí fláàṣì ẹ̀ ò jìnnà sí lẹ́ńsì. Ẹ gbọn aṣọ yàrá kan kẹ́ ẹ tan fláàṣì, iwin á pé jọ.

Dígí tún nìyẹn. Ẹ má kọjú fláàṣì sí fèrèsé onídígí, jígí tàbí fọ́tò tí wọ́n fi dígí bò tààrà, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ dagun sí i bíi 45°, iná á gba ọ̀nà míì lọ. Ẹni tó bá wọ gíláàsì ojú, kó tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀ tàbí kó yà á díẹ̀, ó ti tó. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá dúró síwájú fèrèsé lọ́sàn-án, tí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ rántí tan fláàṣì, kẹ́ ẹ dagun díẹ̀ kí ó má baà tàn padà nínú dígí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkùnkùn nìkan ni fláàṣì wà fún, wọ́n á ya èèyàn síwájú fèrèsé, ojú ẹ̀ á dúdú, wọ́n á ní kámẹ́rà ò dáa.

Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé kí wọ́n lẹ tíṣù mọ́ fláàṣì kí iná lè rọ̀. Ó ń dín iná kù, ìyẹn náà ń ṣèrànwọ́ nítòsí, àmọ́ kì í mú un rọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ohun tó ń mú iná rọ̀ ni kí orísun ẹ̀ fẹ̀ lójú ẹni tó ń tàn sí, tíṣù tó lẹ̀ mọ́ fláàṣì gbàgbà ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju fláàṣì lọ. Kẹ́ ẹ mú bébà funfun fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ mú un sí ìka mélòó kan síwájú fláàṣì, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ máa ṣọ́ kó má bo lẹ́ńsì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni káàdì funfun kékeré tẹ́ ẹ fi dagun síwájú fláàṣì tó ń fò sókè, tí iná á fi gba òkè lọ bá àjà. Àjà yẹn á wá di orísun iná, ńlá, ojú èèyàn á rọ̀. Àfi kí àjà náà funfun kó má sì ga jù, torí tó bá ní àwọ̀, àwọ̀ ẹ̀ ló máa dà sórí gbogbo èèyàn. Fláàṣì kékeré ò lágbára púpọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ máa gbé ISO dé 800 tàbí 1600, kẹ́ ẹ sì wà nítòsí.

Tó bá jẹ́ gílóòbù olómi ọsàn ló wà nílé, ẹ̀yìn ẹni yẹn á pọ́n rúsúrúsú, ojú ẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, nítorí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fláàṣì wà nítòsí 5500 K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń pọ́n tó), ti gílóòbù onírin tó ń gbóná wà nítòsí 2800 K. Ìyẹn ò dun èmi púpọ̀, ó tiẹ̀ máa ń mú ilé gbóná lójú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó wá ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn fi bo fláàṣì kó sì yan gílóòbù nínú white balance, ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ irú iná tó ń tàn fún kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ nítorí àwọn tó ń bú fláàṣì yìí, wọn ò mọ ohun tójú àwọn ayàwòrán àtijọ́ rí. Ní 1887, àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po ẹ̀tù kan tí wọ́n ń ṣáná sí, á bú gbàù, èéfín á gba gbogbo yàrá, ayàwòrán fúnra ẹ̀ lè jóná. Ní 1929 wọ́n gbé gílóòbù fláàṣì jáde ní Jámánì níbẹ̀ náà, ìyẹn ò rú èéfín ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni gílóòbù kan ń tàn, tẹ́ ẹ bá yà á tán ẹ sọ ọ́ nù. Harold Edgerton tó wà ní yunifásítì MIT lÁmẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi fláàṣì oníná mànàmáná ṣe gudugudu méje láwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ Voigtländer gbé kámẹ́rà Vitrona jáde ní 1964 pẹ̀lú fláàṣì nínú ara ẹ̀, kámẹ́rà Konica C35 EF ti 1975 ló wá jẹ́ kí irú ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú kámẹ́rà kékeré. Nǹkan tí wọ́n là kọjá tó báyẹn, àwa wá ní ká pa á, ká má tàn án mọ́.

Èyí tó kù ni bátìrì. Tẹ́ ẹ bá ti ya ẹyọ kan, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ tún kó iná jọ kó tó lè tan fláàṣì míì, bátìrì tó bá ti rẹ̀ á pẹ́ kó tó kó o jọ, àmì mànàmáná á máa ṣẹ́jú lójú síkìrìnì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kíákíá lórí ara wọn, ẹ dúró kí ó má ṣẹ́jú mọ́, tàbí kẹ́ ẹ ní bátìrì kejì lápò. Tí fláàṣì bá sì kú pátápátá, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀, ẹ má tú kámẹ́rà fúnra yín. Ohun tó ń kó iná jọ fún fláàṣì nínú ẹ̀ máa ń gbé nǹkan bíi 300 fóólìtì (volt), bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yọ bátìrì kúrò, iná yẹn ṣì lè wà níbẹ̀ dáadáa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó ń ya fọ́tò